Kí ọmọ yín tó gbé ẹrù sọ̀ ní Bouaké: Yàrá, ìwé àti ìkíni tó ń dúró dè é ní Dougouba



Ọmọ tó bá kúrò nílé lọ kàwé ní Bouaké, kì í ṣe ìdánwò yunifásítì ni yóò kọ́kọ́ kojú. Yàrá tí yóò sùn ni.

Bouaké ni ìlú kejì tó tóbi jù ní Côte d'Ivoire, nǹkan bíi 350 kìlómítà sí Abidjan. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni, àmọ́ èdè Dioula ló gba ọjà kan. Orúkọ àdúgbò Dougouba gan-an, Dioula ni: "dugu" ni ìlú, "ba" ni ńlá. Yorùbá kì í ṣe àjèjì ní orílẹ̀èdè náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbọ́ Faransé bí ẹni mu omi. "Anago" ni wọ́n ń pe Yorùbá lọ́hùn-ún.

Ọdún 1992 ni yunifásítì Bouaké bẹ̀rẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Université Alassane Ouattara báyìí. Yàrá inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kò kárí. Ẹni tí kò rí, tó lọ há mọ́ ọ̀rẹ́ nínú yàrá, "cambodgien" ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà, àmọ́ kò sí ẹ̀fẹ̀ nínú kí èèyàn máa sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ìdánwò.

Àwọn yòókù á wá ilé sí ìgboro, bíi Dougouba. Ibẹ̀ ni "démarcheur", ìyẹn ẹni tó ń báni wá ilé, ti ń pàdé ọmọ àlejò. Ẹ fi èyí sọ́kàn: òfin ọdún 2018 ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó oṣù méjì lọ fún ìdúró, àti oṣù méjì fún àsansílẹ̀. Àwọn kan ṣì ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ má dá lọ sanwó o. Kó mú àgbàlagbà Yorùbá kan tó gbọ́ Faransé dání, kó sì gba ìwé ẹ̀rí owó.

Ìwé ìrìnnà ńkọ́? Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ ẹkùn yìí láàyè láti wọlé láì gba físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ilé ìwé náà ṣe pàtàkì. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé, kí òmíràn wà lórí fóònù.

Ìtàn ìlú náà ló fa ìkìlọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 19, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di olú ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀. Yunifásítì náà kó lọ sí Abidjan, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ sì ń wá ibi tí wọn yóò forí pa mọ́ sí ní ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ 30, oṣù keje, ọdún 2007, wọ́n dáná sun ohun ìjà ní pápá ìṣeré Bouaké láti fi hàn pé ogun ti parí. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí yunifásítì náà tó padà sílé pátápátá.

Oúnjẹ kò le. "Alloco" ni dòdò, "foutou" iṣu kò jìnnà sí iyán. "Attiéké" jọ gààrí, àmọ́ ooru ni wọ́n fi ń sè é.

Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní kíláàsì, kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Àmọ́ Faransé nìkan kì í sọ èèyàn di ará àdúgbò. Dioula ni kó kọ́, ìkíni sì ni kó fi bẹ̀rẹ̀, torí ó bá ti Yorùbá mu. Bí Yorùbá ṣe ní "ẹ kú", bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní "i ni": "i ni sogoma" fún àárọ̀, "i ni wula" fún ìrọ̀lẹ́, "i ni baara" fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìdáhùn ló yàtọ̀. Ọkùnrin á ní "nba", obìnrin á ní "nse". Ọmọkùnrin tó bá ṣèèṣì dáhùn "nse", àwọn ìyá ọjà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọn á tún un ṣe fún un, wọn á wá bi í pé ọmọ ta ni.