Bí Ìbọn Bá Ń Tàpá Ju ti Àtẹ̀yìnwá Lọ

Ọ̀rọ̀ tí Alábẹ̀wò Ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbẹ̀ àti ọdẹ sọ níbi ìpàdé wọn

  

Nígbà tí akọ̀wé yín kọ̀wé sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìwé owó ni n óò sọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìbọn lónìí. Ẹnu lè ya ẹlòmíràn pé kí ló kan alábẹ̀wò ẹgbẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ìbọn. Ẹ fara balẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú.

Ní ọdún 2019, mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní abúlé kan. Mo rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ kan, àgbẹ̀ tí ó tún ń ṣọdẹ, kò san owó ẹ̀yáwó rẹ̀ fún oṣù 5. Àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń san án, inú wọn kò sì dùn. Ìgbìmọ̀ ti ń gbèrò àtigba oko lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pè é wá. Nígbà tí ó dé, ó yọ ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde lábẹ́ agbádá. Àtàǹpàkò àti ìka méjì péré ló kù níbẹ̀. Ìbọn rẹ̀ ló bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo bi í léèrè bóyá kò rí àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti tó ọdún kan tí ìbọn náà ti ń tàpá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Èjìká mi a máa wú, a sì máa dúdú. Ni mo bá ń ká aṣọ lé èjìká." Ó ní òun bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n yá òun lówó láti fi tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún òun pé ẹgbẹ́ kì í yáni lówó àtúnṣe, àfi owó ohun tí yóò mú èrè wọlé. Ó yá owó ajílẹ̀, ó sì ń lo ìbọn náà lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi ni mo fi òfin yẹn lé wọn lọ́wọ́. Nínú ìwé àbẹ̀wò mi ti ọdún 2018 ni mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n dẹ́kun yíyá owó àtúnṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní pólì ni pé owó ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ bí owó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò ronú pé irinṣẹ́ tó bàjẹ́ lè gba ọwọ́ ẹni tí yóò san owó náà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ, tí mo sì ń fi kún ohun tí bàbá mi, tí òun náà jẹ́ ọdẹ, kọ́ mi.

Ohun tí ń mú ìbọn tàpá

Kò sí ìbọn tí kì í tàpá. Agbára tí ń ti ọta síwájú náà ló ń ti ìbọn sẹ́yìn. Ohun mẹ́ta ló ń pinnu bí yóò ti pọ̀ tó: ìwúwo ohun tí ń jáde lẹ́nu ìbọn, eré tí ó fi ń jáde, àti ìwúwo ìbọn fúnra rẹ̀. Ìbọn tó fúyẹ́ ní í gbá ni jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bí ẹ bá sọ ọta di ìlọ́po 2, tí ẹ sì fi ẹ̀tù kún un kí ó lè jáde ní eré kan náà, eré tí ìbọn yóò fi padà sẹ́yìn yóò di ìlọ́po 2, ṣùgbọ́n agbára tí yóò fi gbá èjìká yín yóò di ìlọ́po 4.

Ìtàpá kan wà tí ó jẹ́ ẹ̀bi ìdúró wa. Bí àlàfo bá wà láàrin ìdí ìbọn àti èjìká, ìbọn yóò sáré kí ó tó lu ni. Ẹ fi ìdí ìbọn mọ́ kòtò èjìká ṣinṣin, kì í ṣe orí egungun tó wà lábẹ́ ọrùn, kì í sì í ṣe apá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú díẹ̀. Rọ́bà tàbí awọ tí a kàn mọ́ ìdí ìbọn náà a máa dín in kù.

Ìwọ̀nyí dára fún ìbọn tí ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n bí ìbọn tí ẹ ti ń lò láti ọdún mẹ́wàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í tàpá ju bí ó ti ń ṣe lọ, aṣọ kọ́ ni oògùn rẹ̀. Nǹkan kan ti yí padà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀tù pọ̀ jù tàbí pé irú rẹ̀ yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé ọta wúwo jù, ó lè jẹ́ pé a ti kì í ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sì lè jẹ́ pé ìdọ̀tí ti mú ọ̀nà há. Ẹ dáwọ́ dúró, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó tún un yìn.

Ohun tí ń ba ọ̀pá ìbọn jẹ́

Èkíní ni ìdọ̀tí ẹ̀tù. Nínú ìwọ̀n 100 ẹ̀tù dúdú, nǹkan bí 75 ni iyọ̀ tí a ń pè ní saltpetre, 15 ni èédú, 10 ni imí-ọjọ́. Nígbà tí ó bá jó, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí í di ohun líle. Òmíràn a bá èéfín jáde, ìyókù a lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Iyọ̀ wà nínú ìdọ̀tí yìí, ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, òun ni ó ń mú irin dípẹtà. Epo nìkan kò lè bọ́ iyọ̀ kúrò. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá yìn ín gan-an, kí ẹ nù ún gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi epo pa á.

Èkejì ni àlàfo. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀, àkísà tàbí ìhá tí a fi ń dí ọta yóò há sí ààrin ọ̀nà, kò ní jókòó lórí ẹ̀tù. Bí ẹ bá yìn ín bẹ́ẹ̀, ọ̀pá ìbọn yóò wú ní ibi tí ó há sí, tàbí kí ó bẹ́. Ohun tó ṣe ọkùnrin tí mo sọ nìyẹn. Kò fọ ìbọn mọ́, ó ń fi ẹ̀tù kún ẹ̀tù, ọta wá há sí ọ̀gangan ibi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń di ìbọn mú.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe tú kátíríjì kí ẹ kó ẹ̀tù inú rẹ̀ sí ìbọn ṣakabùlà. Ẹ̀tù tí kò ní èéfín ni, agbára rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀tù dúdú rárá. Òṣùwọ̀n kan náà tí kò ní ṣe nǹkan bí ó bá jẹ́ ẹ̀tù dúdú lè fọ́ ìbọn sí wẹ́wẹ́ bí ó bá jẹ́ ti inú kátíríjì.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ń dí ẹnu ìbọn: ẹrẹ̀, ewé, àti ilé tí àwọn kòkòrò ń fi amọ̀ kọ́ sínú ìbọn tí a gbé kọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀karùn-ún kan àwọn tó ní ìbọn kátíríjì. Ìtumọ̀ nọ́ńbà 12 ni pé ọta òjé roboto 12 tó bá ihò ìbọn náà mu gẹ́lẹ́ yóò wọn pọ́n-ùn kan. Nítorí náà kátíríjì nọ́ńbà 20 kéré sí ti 12. Bí ó bá bọ́ sínú ìbọn nọ́ńbà 12, yóò yọ̀ wọlé yóò sì há síwájú níbi tí ojú kò rí i. Ọdẹ á rò pé òun kò tí ì kì í, á tún ki nọ́ńbà 12 sí i lẹ́yìn. Bí ó bá yìn ín, ó parí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ má ṣe kó méjèèjì sínú àpò kan.

Ẹ̀kẹfà, páìpù omi kì í ṣe ọ̀pá ìbọn. Omi ni a ṣe é fún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ojú ìjó tí ó lè là.

Bí a ṣe ń yẹ ìbọn wò

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Bàbá mi a máa ti ọ̀pá ìkìbọn bọ inú ìbọn òfìfo, a fi ọ̀bẹ sàmì sí i ní ibi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Lẹ́yìn tí ó bá kì í bí ó ti yẹ, a tún sàmì kejì. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀pá bá dúró ní àmì kìíní, ìbọn ṣófo. Bí ó bá dúró ní àmì kejì, ó wà ní kíkì. Bí ó bá yọ síta ju àmì kejì lọ, a ti kì í lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ọta há. Àmì méjì yìí kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ẹ má ṣe fi ojú wo ẹnu ṣakabùlà. Ẹ we aṣọ mọ́ ọ̀pá kí ó há díẹ̀, kí ẹ tì í lọ sísàlẹ̀ nínú ìbọn òfìfo. Níbi tí ó bá ti ṣàdédé dẹ̀, ọ̀pá ìbọn ti wú níbẹ̀. Ẹni tó ní ìbọn kátíríjì lè ṣí i, kí ó yọ kátíríjì, kí ó wò ó láti ẹ̀yìn sí ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá rí òjìji dúdú bí òrùka, ó ti wú. Fún ìlà tó ti sán, ẹ fi epo òyìnbó pa ìta rẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ da lẹ́búlẹ́bú ṣọ́ọ̀kì lé e. Epo tó wọ inú ìlà yóò yọ síta, yóò sì fa ìlà sára ṣọ́ọ̀kì náà.

Mo ní láti sọ òtítọ́: kì í ṣe gbogbo ìbọn ní í tàpá kí ó tó bẹ́. Òmíràn kì í kìlọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pá tó bá wú tàbí tó sán, kí ẹ má ṣe lù ú padà. Ẹ pa á tì.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Èkíní, kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó àtúnṣe irinṣẹ́, kí ìgbìmọ̀ sì lè fọwọ́ sí i láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì, kí ẹni tí ń yá owó nítorí ìbọn mú ìwé àṣẹ rẹ̀ wá. Òfin Ohun Ìjà ti ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí òfin fún láṣẹ ni kí ó sì tún un ṣe. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ọdẹ inú ẹgbẹ́ jọ yẹ ìbọn ara wọn wò kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, nítorí ojú ẹni kan kò tó. Ẹ̀kẹrin, kí olúkúlùkù ní òṣùwọ̀n ẹ̀tù kan, bí oríkèé ọparun kékeré, kí ó má ṣe máa fi ọwọ́ bù ú.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yí òfin wọn padà ní ọdún náà. Wọ́n fa àkókò gbèsè ọkùnrin náà gùn, wọn kò gba oko rẹ̀. Ó san án tán ní ọdún 2021, àwọn onídùúró rẹ̀ sì gba owó wọn padà. Ṣùgbọ́n ìka kò padà.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí ìbọn bá tàpá, ẹ má ká aṣọ lé èjìká. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sì wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé irinṣẹ́ òun ń ṣe òun léṣe, ẹ má ṣe dá a lóhùn bí mo ti kọ́ àwọn kan láti dá a lóhùn.

 Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa. Ẹ óò rìn ín re, ẹ óò sì bọ̀ re.