Ẹyọ Sìgá Kan

 Ọ̀rọ̀ sìgá ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe odindi páálí o. Ẹyọ kan ṣoṣo ni.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìkọ̀tún, tàbí tí ẹ gba Ẹ̀gbẹ́dá lọ sí Ìgándò, ní Alímọ̀ṣọ́ níbẹ̀, ẹ óò rí àwọn ìsọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń ta súìtì, ìṣáná àti sìgá. Wọn a ti já páálí, wọn a máa yọ ọ́ tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò lè rí owó páálí lè fi owó ọkọ̀ ra ẹyọ kan. Ẹ sì wò ó, ara páálí ni ìkìlọ̀ wà; ẹni tí ó ra ẹyọ kan kò ní fojú kàn án.

Òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 sọ pé a kò gbọdọ̀ ta sìgá ní ẹyọ. Ó kéré tán, 20 ni kí ó wà nínú páálí. A kò gbọdọ̀ tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni tà á.

Kí ni ẹyọ kan lè ṣe? Bí ènìyàn bá fa èéfín rẹ̀ sínú, kí ìṣẹ́jú-àáyá 20 tó pé, nikotíìnì ti dé ọpọlọ. Ọpọlọ ọmọ ọdún 14 ṣì ń dàgbà lọ́wọ́. Bárakú tètè ń mú un. Èmi kò ní fi jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró dẹ́rù bà yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, nítorí ta ni nínú yín tí ń ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní 40 ọdún sí i? Owó oúnjẹ ọ̀sán ni yóò kọ́kọ́ lọ. Èémí tí ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù yóò tẹ̀lé e.

Ibi tí ó le jù ni iṣẹ́ tí àgbà ń rán ọmọ: "Lọ bá mi ra sìgá kan, kí o ṣáná sí i kí o tó máa bọ̀." Ọmọ yóò fà á lẹ́ẹ̀kan kí iná lè mú. Báwo ni ọmọ Yorùbá yóò ṣe kọ irú iṣẹ́ yìí? Kí ó kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, òfin kò gbà kí wọ́n tà á fún mi." Ẹ̀yin bàbá, ọmọ tí ó wí báyìí kò rí yín fín. Bàtà yín wà lẹ́nu ọ̀nà, ìsọ̀ náà kò sì jìnnà.