Ìkọ̀sílẹ̀ ní Ìdálẹ̀: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Ìpàdé Ẹ̀ka Minna

Ọ̀rọ̀ tí mo dìde sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀. Ìyá kan láàárín wa fi owó ọjà rẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, nítorí wọ́n sọ fún un pé ìlú ọkọ nìkan ni a ti lè tú ìgbéyàwó ká. Kí ó tó di ọdún 1970, ẹkùn tí ọkọ fi ṣe ilé ni kóòtù ń wò lóòótọ́. Òfin ọdún 1970 ti pa ìyẹn rẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìpínlẹ̀ èyíkéyìí ṣe ilé, ọmọ onílé Nàìjíríà ni lójú òfin náà. Kóòtù Gíga Minna níhìn-ín lè gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

(N kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ ọkọ o! Ẹ kọ́kọ́ rí àwọn àgbà.)

Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti kóòtù, tí ó ní ìwé ẹ̀rí, ni mo ń wí. Ti ìdána nìkan àti ti yìgì ní kóòtù tiwọn. Bí kò bá sì tí ì pé ọdún 2, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́.

Ṣùgbọ́n ọkọ lè lo àyè yìí náà, kí ó pe ẹjọ́ sí Port Harcourt, kí apá ìyàwó má baà ká a. Bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé, ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ẹ gbé e tọ lọ́yà lọ kíákíá, kí ó bẹ adájọ́ pé kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá sí Minna. Òfin gbà á láyè.