Kí Ojú Ẹni Máa Hàn Nínú Fọ́tò
(Ọ̀rọ̀ tí Alága bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò, Adjamé)

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kéré lójú, àmọ́ ó ń dùn wá. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa ṣaláìsí, àwọn ọmọ wọn ní Èjìgbò ní kí a fi fọ́tò bàbá ránṣẹ́. A wo inú fóònù gbogbo wa. Fọ́tò pọ̀ níbẹ̀, a kò rí ẹyọ kan tó ṣeé gbé jáde. Níbi kan, bàbá kẹ̀yìn sí oòrùn, ojú wọn dúdú bí ìdí ìkòkò. Níbi kan, agbádá funfun ń tàn yòò, ojú kò hàn. Àbíkẹ́yìn wọn kò fojú kan bàbá rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Fọ́tò káàdì kékeré kan, tí onífọ́tò yà láyé àtijọ́, ni a padà fi ránṣẹ́. Ojú tì wá. Ẹ̀bi fóònù kọ́, ẹ̀bi wa ni.

Ó tì wá lójú jù nítorí pé iṣẹ́ fọ́tò, iṣẹ́ àwọn èèyàn wa ni nílẹ̀ yìí. Kí ilẹ̀ yìí tó gba òmìnira ní 1960 àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anango wà lára àwọn tó ṣí ilé fọ́tò káàkiri, títí dé Bouaké. Àlejò bíi tiwa náà ni Augustt Azaglo, ọmọ Togo, tó fi Korhogo ṣe ibùjókòó títí ó fi kú ní 2001. Ó ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, ó ń ya fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Lónìí, àwọn fọ́tò náà ti di ohun tí ayé ń pàtẹ.

Ẹ má sọ pé fóònù kò tó nǹkan. Lẹ́yìn ìkọlù Grand-Bassam ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2016, Joana Choumali, ọmọ Abidjan, fi fóònù ya àwọn èèyàn ìlú náà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ, ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Prix Pictet ní 2019.

Ohun tí a bi àwọn onífọ́tò, tí a sì dán wò fúnra wa, nìyí.

Èkíní, ẹ nu ojú kámẹ́rà. Fóònù tó ń bá owó gbé nínú àpò, ìdọ̀tí ti bo ojú rẹ̀.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń yà kẹ̀yìn sí oòrùn tàbí sí fèrèsé. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn a máa sọ kòtò ojú di dúdú. Ẹ mú un wá sábẹ́ ìbòòji, kó kọjú síta.

Ẹ̀kẹta, kámẹ́rà lè má mọ̀ pé ojú ni a fẹ́. Ó lè ṣírò gbogbo ìmọ́lẹ̀ iwájú rẹ̀ pọ̀. Bí funfun bá pọ̀, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú adúláwọ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ojú ẹni náà lórí fóònù. Bí kò bá tíì mọ́lẹ̀ tó, lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ fa àmì oòrùn tó bá yọ sókè díẹ̀. Lórí kámẹ́rà, ẹ wá bọ́tìnnì tó ní àmì + àti −.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi ẹsẹ̀ sún mọ́ ọn dípò kí ẹ máa fi ìka fa àwòrán tóbi, nítorí fífà yẹn máa ń bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sún mọ́ ọn jù, kí imú má baà tóbi ju ojú lọ. Lóde alẹ́, iná fóònù kì í dé ọ̀nà jíjìn; ẹ mú èèyàn yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ gílóòbù.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ọwọ́ méjì mú un, ẹ fi ìgúnpá mọ́ ara, kí ẹ sì yà á tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹnìkan á ṣáà ṣẹ́jú.

Ẹ̀kẹfà ló ṣe pàtàkì jù. Fọ́tò tó bá gba WhatsApp kọjá máa ń dín kù. Ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, kó lè dé bó ṣe wà. Ẹ̀yin náà mọ Adjamé: bí wọ́n bá jí fóònù, fọ́tò bá a lọ. Ẹ tẹ èyí tó dára jù sórí ìwé, kí ẹ kọ orúkọ, ibi àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí gbogbo àgbà múra wá dáadáa. Ní agogo mẹ́rin, àwọn ọ̀dọ́ yóò yà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà kan yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé, èkejì yóò lọ sílé. A kò ń fi ikú pe ẹnikẹ́ni o. Ẹ̀mí wa yóò gùn.

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Bí ara kò bá tíì ráyè dé ilé, kí ojú kọ́kọ́ dé.