Ibi tí Ìtàn ti Bẹ̀rẹ̀: Ojúsàájú nínú Ìdájọ́



Ẹ lè bi mí pé kí ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́. Ìtàn ni. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti sábà máa ń kó ará ìlú méjìlá jọ láti dá ẹjọ́ ìpànìyàn, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Nancy Pennington àti Reid Hastie, gbé ẹjọ́ kan náà síwájú ọ̀wọ́ èèyàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1988. Ẹ̀rí kò yí padà, ètò rẹ̀ ni wọ́n yí. Nígbà tí ẹ̀rí olùpẹ̀jọ́ tò bí ìtàn, tí ti olùjẹ́jọ́ fọ́nká, èèyàn 78 nínú 100 ló ní olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n yí ètò náà sódì, ó di 31.

Kò yẹ kí èyí ya ará Àpòmù lẹ́nu. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ pé kí Awólẹ̀ tó jọba, ó ń ṣòwò ní agbègbè yìí, ó sì ta ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn. Ọba Abíọ́dún ti pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí a máa ta ará Ọ̀yọ́ ní ọjà Àpòmù. Baálẹ̀ gba ọkùnrin náà sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀ ní pàṣán. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí ìtẹ́ ní nǹkan bí 1789, ó dojú ogun kọ Àpòmù. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó pa ara rẹ̀, kí wọ́n lè gbé orí rẹ̀ lọ pẹ̀tù sí ìbínú ọba.

Wàyí o, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ààfin: baálẹ̀ ìlú kékeré kan na ọmọ ọba. Ta ni kò ní bínú? Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ọjà: ọkùnrin kan tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ná ọjà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì sọ òun fúnra rẹ̀ di ọjà. Wọ́n na Awólẹ̀ lóòótọ́. Lójú tèmi, ibi tí pàṣán ti bà á ni ìtàn tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òun náà sì ni olùpẹ̀jọ́, òun ni adájọ́.

Ìgbìmọ̀ ẹni méjìlá kò sí ní kóòtù tiwa lónìí; adájọ́ ló ń dá ẹjọ́. Àwọn kan rò pé ẹ̀kọ́ òfin ti gba adájọ́ lọ́wọ́ irú nǹkan báyìí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Olùgbọ́ ìtàn ni òun náà, bí àwọn àgbà tó ń parí ìjà nínú agbo ilé. Ìdí nìyí tí àgbà tó mòye fi ń sọ fún ẹni tó kọ́kọ́ dé pé kó jókòó ná, kí ẹnìkejì rẹ̀ dé.

Johnson dárúkọ Abíọ́dún, ó dárúkọ Awólẹ̀. Mo ti ka ojú ìwé náà lọ́pọ̀ ìgbà: orúkọ ọ̀rẹ́ tí wọ́n tà kò sí níbẹ̀.