Kí Ọwọ́ Wa Tó Wọn Kí Wọ́n Tó Lọ

(Ọ̀rọ̀ tí tọkọtaya kan sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Abidjan)

Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí àwa tọkọtaya sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú òbí tó wà nílé. A kò mọ̀ ọ́n ju yín lọ. Ohun tí ojú wa rí ni a fẹ́ sọ.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n láti Abidjan dé Èjìgbò, ẹnubodè mẹ́rin ni a ó kọjá: ti Ghana, ti Tógò, ti Benin àti ti Nàìjíríà. Ọmọ wà níhìn-ín, ìyá wà lọ́hùn-ún.

Ìyá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí, kò sí ọ̀kan nílé. A gba ọmọbìnrin kan tì wọ́n, kò pẹ́ tí ó fi lọ. Níkẹyìn, a gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Ìbàdàn. Àwọn ẹbí ní a gbé ìyá sọnù. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá dé egungun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ni ó ń sọ òbí nù. Àìyọjú ọmọ ni.

A jẹ̀bi níbẹ̀. A ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, a ń pe fóònù, wọ́n ń sọ fún wa pé Màmá wà dáadáa. Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà mú kí wọ́n ti ẹnubodè. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti gbẹ, ìdùbúlẹ̀ sì ti dá egbò sí wọn nídìí. A kò bi àwọn olùtọ́jú ní ohun tó yẹ kí á bi wọ́n. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn gbé ẹrù sílẹ̀ kí ẹ jókòó. Ẹ dé lákòókò oúnjẹ, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ẹ ṣí aṣọ, ẹ wo ẹ̀yìn, ìdí àti gìgísẹ̀. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ó yẹ kí wọ́n máa yí i ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ ka oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ṣẹ́kù. Ẹ fún wọn lómi, nítorí òùngbẹ kì í sábà gbẹ arúgbó bíi ti ọ̀dọ́.

Ẹ mú àwọn ọmọ dání. Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tó ní ìwé Côte d'Ivoire láti lo 90 ọjọ́ ní Nàìjíríà láìgba físà.

Nígbà tó yá, iyè ìyá wa rá. Wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pe èyí tó jẹ́ ìyàwó nínú wa. Níbẹ̀rẹ̀ a ń jiyàn, wọ́n sì sunkún bí ẹni pé ọjọ́ náà ni àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Láti ìgbà náà, a kàn ń jẹ́ "Ẹ̀gbọ́n mi" ni. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ẹ dá orúkọ yín fún wọn. Ní ìbẹ̀wò tó kẹ́yìn, wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́. A kì wọ́n ní oríkì wọn, wọ́n sì di ọwọ́ wa mú ṣinṣin. Lẹ́yìn oṣù kẹta ni wọ́n jáde láyé.

Ẹgbẹ́ yìí ṣe gudugudu méje níbi ìsìnkú náà. Bọ́ọ̀sì kún, ẹ dáwó, ẹ wọṣọ. A kò lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló débẹ̀ nígbà tí ìyá kò lè rí wọn mọ́. Ẹ jẹ́ kí á yọ díẹ̀ nínú owó ìsìnkú sí owó ìbẹ̀wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sílé, kí ó yà kí òbí ọmọ ẹgbẹ́ méjì, kí ó wò wọ́n bí a ṣe wí, kí ó sì jíṣẹ́ fún ọmọ wọn.

Olódùmarè yóò jẹ́ kí ọmọ tiwa náà yọjú sí wa. Àmín.