Àsìkò Tí Epo Ń Wọ Inú Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí jẹ ti àwa tí a ní ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù tí ń mu dísẹ́ẹ̀lì, tí a sì ń fi í fa ẹrù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú wa rí. Hilux àtijọ́ kan ni ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ní. Òun ni a fi ń fa ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ láti abúlé kan dé èkejì; orí kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì ni a de ẹ̀rọ náà mọ́. Ní 2019, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín funfun láàárọ̀, kò sì lágbára mọ́ bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè. Mẹkáníìkì kan dé, ó tú nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù, ó yí pọ́ǹpù díẹ̀, ó fetí sí i, ó ní, “Ó ti dáa báyìí.” Lóòótọ́, agbára dé. Ọkọ̀ ń dún kọ-kọ-kọ bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin, ṣùgbọ́n àwa rò pé agbára ni. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, lórí òkè, pẹ̀lú ẹ̀rọ lẹ́yìn, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì jó. Omi bá dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Ẹ̀gẹ́ ti wà nílẹ̀ ní abúlé mẹ́ta tí wọ́n ti hú u sílẹ̀ dè wá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a bá hú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ìyá àgbà kan wò wá, ó ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní Ọjọ́rú lẹ ń bọ̀.” A kò rí èsì fún un.

Kí ló fà á? Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo bíi ti bẹntiróò. (Èyí tí ń pọ́n bí iná láàárọ̀, ó kàn ń bá a múnú gbóná kí ó lè tètè dìde ni.) Ọ̀gbẹ́ni Rudolf Diesel, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere ṣiṣẹ́ ní Jámánì ní 1897, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Pístìnì yóò gòkè, yóò fún afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nínú ẹ́ńjìnnì 2L ti Toyota, irú èyí tí ó wà nínú ọkọ̀ wa, ó ń fún afẹ́fẹ́ náà títí ààyè rẹ̀ yóò fi kù bí ìdá kan nínú ìdá 22. Afẹ́fẹ́ tí a fún tó bẹ́ẹ̀ á gbóná janjan. Ìgbà yẹn ni pọ́ǹpù yóò ta epo sí i, epo á sì gbiná fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n epo kì í gbiná lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, a ní láti ta á díẹ̀ ṣáájú kí pístìnì tó dé òkè pátápátá. Bí epo bá yá jù, iná á ràn nígbà tí pístìnì ṣì ń gòkè bọ̀. Iná ń tì í sísàlẹ̀, òun ń tì í sókè. Ibi tí ariwo kọ-kọ-kọ ti ń wá nìyẹn, òun náà ló jó gásíkẹ́ẹ̀tì wa. Bí epo bá sì pẹ́ jù, pístìnì á ti máa sọ̀kalẹ̀ kí iná tó ràn dáadáa. Ooru tí ì bá ti pístìnì á gba ẹnu páìpù èéfín jáde. Ọkọ̀ á yọ èéfín funfun ní òwúrọ̀, èéfín dúdú lórí òkè, epo á sì máa lọ bí omi. Ẹni tí ń wa ọkọ̀ lófìfo lè ṣe ọdún kan láìfura. Ẹni tí ń fa ẹrù gun òkè kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, nítorí epo púpọ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń jó, ó sì ń jó o pẹ́.

Kí a tó fọwọ́ kan pọ́ǹpù rárá, ẹ wo nǹkan mìíràn ná. Fíltà epo tó ti dí, afẹ́fẹ́ tó wọ páìpù, nọ́sù tí ń kán epo dípò kí ó fẹ́ ẹ, bẹ́líìtì eléyín tó ti fo eyín kan: gbogbo wọn ló lè jọ àìsàn kan náà. Fíltà lásán ni ti ọkọ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí a ti wá mọ̀ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn! Ẹni tó yí pọ́ǹpù kò wo fíltà wò.

Ó wá ku iṣẹ́ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fi òkúta há táyà, ẹ yọ wáyà bátìrì, kí ẹ sì fọ ara pọ́ǹpù mọ́ tónítóní, nítorí ìyanrìn kékeré tó bá wọ inú rẹ̀ lè bà á jẹ́. Lẹ́yìn orí pọ́ǹpù, láàárín ibi tí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jáde, bóòtì kan wà. Ibẹ̀ ni a ó yọ tí a ó fi aago ìwọ̀n sí, kí ẹnu rẹ̀ kan irin tí ń ti epo. Pọ́ǹpù mìíràn ní ọwọ́ kan tí ń mú epo yá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ há a kí ó má baà tàn yín jẹ.

Ẹ fi sípánà yí kíráǹkì láti iwájú, bí ọwọ́ aago ti ń yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kíráǹkì ń yí kí pọ́ǹpù tó yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ rí i dájú pé àfúnmọ́ra ni pístìnì kìíní ń gòkè fún. Nígbà tí ó bá ku díẹ̀ kí ó dé òkè, ọwọ́ aago ìwọ̀n kò ní mira: ẹ fi í sí òdo níbẹ̀. Ẹ wá máa yí i lọ díẹ̀díẹ̀ títí àmì orí púlì yóò fi bára mu. Bí ẹ bá yí i kọjá, ẹ dá a padà dáadáa, kí ẹ tún un yí bọ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ má kàn fà á sẹ́yìn kí ó bá àmì, nítorí ìdẹra tó wà nínú bẹ́líìtì àti eyín yóò purọ́ fún yín.

Iye tí aago bá pè ni ẹ ó fi wé ti inú ìwé ẹ́ńjìnnì yín gan-an. Ti 2L kò pé mílímítà kan. Bí ó bá kéré, epo ń pẹ́. Bí ó bá pọ̀, epo ń yá. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì pọ́ǹpù àti ti páìpù rẹ̀, kí ẹ tẹ ara pọ́ǹpù díẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lòdì sí ibi tí irin inú rẹ̀ ń yí sí, epo á yá. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e, epo á pẹ́. Ìwọ̀nba tí èékánná nípọn ti pọ̀ jù. Ẹ dè é, kí ẹ tún un wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé bí a ti ń de nọ́ọ̀tì, ó lè sún. Ẹlòmíràn á ní kí a fi díẹ̀ lé iye inú ìwé nítorí ẹrù tí a ń fà. Àwa ò ṣe é mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí bóòtì ẹ̀yìn pọ́ǹpù, kí ẹ fi ọwọ́ pọ́ńpù afẹ́fẹ́ jáde nínú epo. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìka wá ibi tí páìpù nọ́sù ti ń jò. Epo tí ń tú jáde níbẹ̀ lágbára tó láti gún awọ ara wọlé. Ojú egbò náà lè kéré bí ojú abẹ́rẹ́, kí ó má tilẹ̀ dunni, síbẹ̀ ilé ìwòsàn ni kí ẹni náà gbà lọ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì sọ fún dókítà pé dísẹ́ẹ̀lì ló wọ òun lára. Páálí ni kí ẹ fi wá ìjò.

Nígbà tí a wọn ti ọkọ̀ wa lẹ́yìn tí a ti tún orí ẹ́ńjìnnì ṣe, aago pe iye tó ju ti ìwé lọ dáadáa. A dá a padà. Ariwo náà rọlẹ̀, ó sì gun òkè pẹ̀lú ẹ̀rọ lẹ́yìn láìyọ èéfín dúdú. A ti fi ọ̀dà kọ iye náà sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan pọ́ǹpù yóò kọ́kọ́ kà á.